Oṣù Wo Ni Omi Ń Dé? Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ni ní Ìtàn Ọ̀làjú Àfonífojì Odò

Kí n tó dárúkọ odò kankan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì ìtàn, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ sí ojú pátákó: oṣù wo ni omi ń dé, oṣù wo sì ni irúgbìn ń fẹ́ ẹ? Ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ń lò kì í gba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọn a to àfonífojì mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ, ti Náílì ní Íjíbítì, ti Tígírísì òun Yúfírétì ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Ìráàkì lónìí, ti Indus ní Pakísítánì àti Íńdíà, àti ti Huang He ní Ṣáínà, wọn a sì wá ka àwọn àmì ọ̀làjú tẹ̀ lé e: ìlú ńlá, ọba, àlùfáà, ìkọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́, òwò ọ̀nà jíjìn. Ọmọ á há gbogbo rẹ̀ sórí, á tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èyí tí ó máa ń ṣẹ́ kù sí i lọ́kàn ni pé níbikíbi tí omi ńlá bá ti ń ṣàn lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, ọ̀làjú á ṣàdédé hù níbẹ̀.

N kò fara mọ́ èrò yìí, n kò sì fẹ́ kí ọmọ tí mo kọ́ gbé e kúrò ní kíláàsì. Omi kì í kọ́ ìlú. Ohun tí ó kó àwọn ará àtijọ́ jọ sí ojú kan ni pé àsìkò tí omi ń dé àti àsìkò tí irúgbìn ń fẹ́ ẹ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu, àti pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní odò kan kọ́ ni ó ṣe rí ní òmíràn. Iṣẹ́ tí odò kọ̀ọ̀kan gbé ka àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́rùn yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òfin, ìjọba àti ìwé tí ó ti inú iṣẹ́ náà jáde.

Odò Náílì ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù lọ láti lóye. Mo máa ń fa ìlà gígùn kan, n ó pín in sí oṣù méjìlá, n ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wá fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ búlúù kun ibi tí omi ti pọ̀. Òjò tí ń rọ̀ sórí àwọn òkè Etiópíà láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án ni ó ń mú odò náà kún. Ní ayé àtijọ́, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í ga ní gúúsù Íjíbítì bí oṣù kẹfà bá ti ń lọ sópin, á ga jù ní oṣù kẹsàn-án, á sì ti fà kúrò lórí oko ní oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, á wá fi ẹrẹ̀ dúdú ọlọ́ràá sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbà náà gan-an ni àgbẹ̀ Íjíbítì fẹ́ fọ́n àlìkámà àti ọkà báálì. Irúgbìn á dàgbà ní àkókò tí oòrùn kò le, wọ́n á kórè rẹ̀ ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ilẹ̀ á gbẹ, omi mìíràn á tún dé. Àwọn ará ibẹ̀ fi èyí pín ọdún sí mẹ́ta: Akhet tí í ṣe ìgbà àkúnya, Peret tí í ṣe ìgbà tí nǹkan ń hù, àti Shemu tí í ṣe ìgbà ìkórè, oṣù mẹ́rin mẹ́rin, ọgbọ̀n ọjọ́ fún oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọjọ́ márùn-ún kún un kí ó lè pé 365.

Àwọn ọmọ tí òbí wọn ń dá àkùrọ̀ kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kí ó tó yé wọn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo sí bèbè odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò retí òjò, pé ọ̀rinrin tí omi fi sílẹ̀ nígbà tí ó fà ni ó ń jẹ. Mo máa ń ní kí wọ́n fojú inú wo àkùrọ̀ kan tí ó lọ láti Aswan títí dé etí òkun, tí aṣálẹ̀ sì wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju pé kí abúlé kan mọ ebè ńlá yí ilẹ̀ rẹ̀ ká, kí wọ́n jẹ́ kí omi wọlé, kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n sì tú u sílẹ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Abúlé lè dá a ṣe. Ẹ̀rù tí ó ń bà wọ́n ni pé omi lè kéré jù kí ebi pa ìlú, ó sì lè pọ̀ jù kí ó gbé ilé lọ. Ìdí nìyí tí òkúta tí a ń pè ní Òkúta Palermo fi kọ gíga omi ọdún kọ̀ọ̀kan, ní ìgbọ̀nwọ́, sí abẹ́ ìtàn àwọn ọba àkọ́kọ́, tí wọ́n sì fi ń díwọ̀n omi ní erékùṣù Elephantine. Ẹni tí ó bá mọ gíga omi ti mọ bí ìkórè yóò ṣe rí, ó sì ti mọ iye tí òun lè gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. (Láti ìgbà tí ìdídò ńlá Aswan ti parí ní ọdún 1970, àkúnya ọdọọdún yìí kò dé oko Íjíbítì mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí ó má baà rò pé bí ó ti rí nígbà náà ni ó rí lónìí.)

Ìlà kejì ni àríyànjiyàn máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Òjò dídì tí ó bo àwọn òkè Tọ́kì àti ti Zagros máa ń yọ́ bí ooru bá dé, Tígírísì á wá ga jù ní oṣù kẹrin, Yúfírétì ní oṣù karùn-ún. Ní gúúsù Ìráàkì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Sumer, àkókò yẹn gan-an ni ọkà báálì ti gbó tí ó ń dúró de dòjé. Omi tí àgbẹ̀ ń wá ní oṣù kẹwàá nígbà tí ó fẹ́ gbìn kò sí. Èyí tí kò fẹ́ ni ó ń ya wọ inú oko nígbà ìkórè. Òjò ibẹ̀ kò tó mìlímítà 200 lọ́dún, nítorí náà kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbójú lé òjò. Èyí tí ó tún burú níbẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ tí odò ń kó wá ti mú kí ìsàlẹ̀ odò fúnra rẹ̀ máa ga sókè díẹ̀díẹ̀ ju ilẹ̀ oko lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí bèbè bá ya, sísọ̀kalẹ̀ ni omi ń sọ̀ kalẹ̀ bo irúgbìn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wo ìlà méjèèjì, ẹnìkan á sì bi mí léèrè, bí ẹnìkan kò tilẹ̀ kùnà rí láti bi mí: «Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ó bá jẹ́ pé odò tiwọn ni ó burú jù, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìlú ńlá ti kọ́kọ́ yọ?» Ìbéèrè yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé. Mo máa ń dá a padà sọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọn ì bá ṣe bí ó bá jẹ́ àwọn. Wọ́n á ní àwọn á gbẹ́ ọ̀nà tí omi yóò gbà dé oko nígbà tí odò bá lọ sílẹ̀, àwọn á sì mọ òkìtì erùpẹ̀ dí i nígbà tí ó bá ga. Ta ni yóò máa kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ọ̀nà omi náà lọ́dọọdún, nítorí pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ yóò dí? Ilé kan kò lè dá a ṣe. Bí ènìyàn tí ó wà lókè bá fa omi jù, kí ni ti ìsàlẹ̀ yóò lò? Kí a tó mọ̀, àwọn fúnra wọn ti dé ọ̀rọ̀ òfin àti ọ̀rọ̀ ogun.

Òfin àti ogun náà wà nínú àkọsílẹ̀. Òfin kẹtàléláàádọ́ta nínú àwọn òfin Hammurabi, ọba Bábílónì tí ó jọba ní bí ọdún 1792 sí 1750 ṣáájú ìbí Kristi, sọ pé bí ẹnìkan bá ya ọ̀lẹ tí kò tún bèbè rẹ̀ ṣe, tí ó ya, tí omi sì ba oko ẹlòmíràn jẹ́, kí ó san ọkà tí ó bàjẹ́ náà padà. Òfin tí ó tẹ̀ lé e sì ní bí kò bá lè san án, kí wọ́n ta òun àti ohun ìní rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń pariwo tí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á sì fa ọ̀rọ̀ náà títí, nítorí pé ó yé wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀lẹ kan lè di ebi gbogbo àdúgbò. Ní ti ogun, àwọn ìlú méjì tí ń jẹ́ Lagash àti Umma bá ara wọn jà fún ìran mélòó kan lórí ilẹ̀ oko tí ó wà ní ààlà wọn àti lórí omi tí ń lọ síbẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2450 ṣáájú ìbí Kristi, Eannatum ọba Lagash gbẹ́ ìṣẹ́gun rẹ̀ sára òkúta. Ara òkúta náà, tí ó wà ní mùsíọ́mù Louvre ní Paris, fi àwọn ọmọ ogun hàn tí wọ́n to asà pọ̀ bí ògiri, àti àwọn igún tí wọ́n gbé orí àwọn ará Umma lẹ́nu fò lọ. Mo máa ń fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n. Kò sí ohun tí mo lè fẹnu sọ nípa ìjà omi tí ó tó àwọn igún yẹn.

Ṣùgbọ́n Uruk, ìlú kan ní Sumer, ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Ìlú yìí ti tóbi gan-an ṣáájú ọdún 3000 ṣáájú ìbí Kristi, ó ju ìlú kankan tí a mọ̀ ní ìgbà náà lọ. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì rí nílẹ̀ rẹ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po kì í ṣe wúrà, àwo amọ̀ ni: àwo kékeré tí etí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó rí gbàkàgbàkà, tí a tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìkánjú láìsí ọ̀ṣọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni wọ́n fi ń wọn ọkà fún àwọn òṣìṣẹ́, àwọn mìíràn ní búrẹ́dì ni wọ́n fi ń ṣe nínú rẹ̀; ọ̀nà yòówù kí ó jẹ́, oúnjẹ àjùmọ̀jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Nínú àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú jáde níbẹ̀, tí wọ́n wà lára ìwé tí ó pẹ́ jù lọ láyé, àmì oúnjẹ jọ irú àwo yìí, tí akọ̀wé bá sì fẹ́ kọ jíjẹ tàbí ìpín oúnjẹ, a ya orí ènìyàn, a sì gbé àwo náà sí ẹnu rẹ̀. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn wàláà náà, ìṣirò ni wọ́n: ọkà tí ó wọlé, ọtí tí ó jáde, àgùntàn tí ó kù, orúkọ ẹni tí ó gbà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ìwé àtòjọ ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀wé fi ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan nínú wọn to oyè àti iṣẹ́ láti orí àwọn àgbà ìlú lọ sísàlẹ̀, àwọn akọ̀wé sì ń dà á kọ fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í dùn láti gbọ́ pé àtòjọ tí à ń dà kọ sínú ìwé ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bu amọ̀ wá láti ilé. N ó pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́: àwọn kan ń kó ọkà wọlé, àwọn kan ń gbà á, àwọn kan ń ṣọ́ àká, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ lo álífábẹ́ẹ̀tì tàbí nọ́ńbà tí a ń lò lónìí. Èkuru ṣọ́ọ̀kì àti amọ̀ á gba gbogbo ara àga, olùkọ́ kíláàsì kejì á sì yọjú wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ nípa yíya àpò kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń sú wọn kíákíá. Ẹgbẹ́ kan á wá ronú pé kí àmì kékeré dúró fún ẹyọ kan, kí àmì ńlá dúró fún ọ̀pọ̀, èyí tí ó jẹ́ ohun tí àwọn ará Uruk náà ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìjà á bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wàláà sọ pé ọkà mẹ́fà ni ó wọlé, aláká sì ní mẹ́rin ni òun rí. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n jà á díẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti jiyàn lórí wàláà tí kò ní orúkọ ẹni tí ó gbà á kò nílò kí n ṣàlàyé fún un mọ́ ìdí tí àwọn ará Sumer fi ń yí èdìdì lórí amọ̀ tútù.

Ibi tí mo ti ń dá wọn dúró ni pé wọ́n máa ń yára parí èrò sí orí ọba: omi ṣòro, nítorí náà ọba ni ó gbẹ́ ọ̀nà omi, nítorí náà ọba ni ó dá ọ̀làjú sílẹ̀. Karl Wittfogel, ọmọ Jámánì tí ó lọ fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ni ó sọ èyí di àbá tí ayé mọ̀ ní ọdún 1957, pé iṣẹ́ omi ńlá ni ó bí ìjọba alágbára. Àbá náà wuyì, ó sì rọrùn láti kọ́ni, èyí sì ni ìdí tí ó fi wọ inú ọ̀pọ̀ ìwé. Ẹ̀rí kò tì í lẹ́yìn dáadáa. Karl Butzer fi hàn ní ọdún 1976 pé ọwọ́ àwọn ìlú àti abúlé ni ìṣàkóso omi Íjíbítì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọba tí Narmer jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ti ń jọba ní bí ọdún 3100 ṣáájú ìbí Kristi. Ní Sumer náà, àwọn ọ̀nà omi àkọ́kọ́ kéré, àwọn ìlú àti ilé òrìṣà sì ni wọ́n ń bójú tó wọn. Mo máa ń fi àwòrán orí kùmọ̀ ọba kan tí a ń pè ní Àkéekèé hàn wọ́n, èyí tí wọ́n hú ní Hierakonpolis, ìlú àtijọ́ kan ní Íjíbítì, tí ó sì wà ní mùsíọ́mù Ashmolean ní Oxford: ọba dé adé funfun, ó mú ọkọ́ lọ́wọ́, ó dúró létí omi. N ó ní kí wọ́n sọ bóyá ó gbẹ́ ọ̀nà omi náà ni, tàbí ó fẹ́ kí a máa rántí òun pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe. Èrò tèmi ni pé àṣẹ wá sórí iṣẹ́ tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í sọ ọ́ fún wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Mohenjo-daro ni ó máa ń bá mi tú ọ̀rọ̀ ọba yìí palẹ̀. Ìlú tí ó wà ní etí odò Indus yìí gbilẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 2600 sí 1900 ṣáájú ìbí Kristi, ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 1924 nígbà tí John Marshall kéde ohun tí R. D. Banerji àti Daya Ram Sahni rí ní ibẹ̀ àti ní Harappa, ìlú mìíràn ní àfonífojì náà. Kànga ibẹ̀ tó nǹkan bí 700 gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe fojú bù ú. Ilé púpọ̀ ní balùwẹ̀ tí omi ń gba gọ́tà bíríkì tí a fi òkúta tàbí bíríkì bò jáde sí ojú títì, bíríkì náà sì tẹ̀ lé ìwọ̀n kan náà láti ìlú dé ìlú, ìnípọn kan sí ìbú méjì sí gígùn mẹ́rin. Odò ìwẹ̀ ńlá kan wà tí ó gùn tó mítà 12, tí ó fẹ̀ tó mítà 7, tí wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀ rẹ́ ara rẹ̀ kí omi má jò. Kò sí ààfin kan tí gbogbo onímọ̀ fẹnu kò lé lórí. Kò sí ibojì ọba olówó iyebíye, kò sí òkúta ìṣẹ́gun tí igún ń gbé orí ènìyàn lọ. Ère kékeré tí gígùn rẹ̀ kò pé sẹ̀ǹtímítà 18, tí àwọn tí ó hú u sọ ní «Ọba Àlùfáà», kò fi ẹ̀rí kankan hàn pé ọba tàbí àlùfáà ni. Orúkọ ni wọ́n fún un, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ìwé wọn wà lórí èdìdì púpọ̀, ó ní àmì tí ó tó nǹkan bí 400, ṣùgbọ́n kúkúrú ni gbogbo rẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tí ó kà á tí àwọn yòókù gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti há àmì ọ̀làjú sórí máa ń bínú sí Mohenjo-daro, nítorí pé kò pé nínú àtòjọ. Mo fẹ́ràn ìbínú yẹn. Mo máa ń bi wọ́n pé kí ni a lè mọ̀ nípa ìlú tí a kò lè ka ìwé rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á yọ: bí òṣùwọ̀n òkúta onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọn ọjà bá dọ́gba ní gbogbo ìlú wọn, ẹnìkan tàbí ẹgbẹ́ kan ń bójú tó o, bí gọ́tà kò bá dí fún ìran púpọ̀, ẹnìkan ń kó o. A sì mọ̀ pé wọ́n ń bá àwọn ará Sumer ṣòwò, torí ìlẹ̀kẹ̀ pupa wọn wà nínú ibojì àwọn ọba Ur, ìlú kan ní Sumer, Sargon ọba Akkad sì fọ́nnu pé ọkọ̀ ojú omi Meluhha ń gúnlẹ̀ sí èbúté òun. Ilẹ̀ Indus ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Meluhha jẹ́.

Ti Ṣáínà kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe pé kò níyì, bí kò ṣe pé ìyàtọ̀ àkókò ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Jéró ni wọ́n ń gbìn ní àríwá, lórí erùpẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí atẹ́gùn gbé wá, òjò sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń mu ju omi odò lọ. Ìwé àkọ́kọ́ tí a lè kà, èyí tí àwọn ọba Shang ní Anyang fi ń dífá sára egungun màlúù àti ìgbá ìjàpá, kò ju nǹkan bí ọdún 1250 ṣáájú ìbí Kristi lọ. Uruk ti gbó kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá to odò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ojú kan bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn ti fi ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo ń mú wọn padà sí Sumer fún ọ̀rọ̀ iyọ̀. Omi tí a ń darí sí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń gbé iyọ̀ díẹ̀ dání, oòrùn á fa omi lọ, iyọ̀ á sì kù sínú ilẹ̀. Àlìkámà kì í fara da iyọ̀ tó ọkà báálì. Ní ọdún 1958, Thorkild Jacobsen àti Robert Adams fi àkọsílẹ̀ ìkórè sọ pé báálì gba ipò àlìkámà díẹ̀díẹ̀ ní gúúsù, tí ìkórè fúnra rẹ̀ sì ń dín kù. Àwọn mìíràn ti jiyàn lẹ́yìn náà pé wọ́n sọ ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ náà kì í ṣe àròsọ. Ní Íjíbítì, omi tí ń ya lọ́dọọdún tí ó sì ń fà padà máa ń fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Àwọn ọmọ á tún padà lọ wo ìlà méjèèjì lójú pátákó.

Ìbéèrè nípa Odò Ọya kì í ṣaláì yọjú, kì í sì í ṣe ìbéèrè tí ó yẹ kí a fi ìtìjú dáhùn. Ní àárín Mali, níbi tí odò náà ti ń tẹ́ rẹrẹ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, Roderick àti Susan McIntosh walẹ̀ ní Jenne-jeno láti ọdún 1977, wọ́n sì rí i pé àwọn ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 250 ṣáájú ìbí Kristi, tí wọ́n ń gbin ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà sí ibi tí omi ń ya dé, tí wọ́n ń pẹja, tí wọ́n ń rọ irin. Ó di ìlú ńlá olódi, síbẹ̀ wọn kò rí ààfin níbẹ̀. Àwọn ìtẹ̀dó kéékèèké tí ó yí i ká ni iṣẹ́ ọwọ́ pín sí. Àtòjọ odò mẹ́rin kò ní àyè fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àyè fún Caral ní Peru, tí ó ti wà ní bí ọdún 2600 ṣáájú ìbí Kristi láìsí ìkòkò amọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Nítorí náà n kì í béèrè àmì ọ̀làjú márùn-ún nínú ìdánwò mi. Mo máa ń ya ìlà oṣù méjìlá ti odò kan tí n kò dárúkọ, n ó sọ ìgbà tí omi ń ga, ìgbà tí irúgbìn ń gbó àti bí òjò ti ń rọ̀ sí, n ó sì ní kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí yóò wà nílẹ̀, ọwọ́ tí yóò ṣe é, àti ohun tí ó máa di dandan láti kọ sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá kọ pé ọba yóò pàṣẹ kí a gbẹ́ ọ̀nà omi á rí máàkì díẹ̀. Ọmọ tí ó bá sọ ẹni tí yóò bọ́ àwọn tí ń gbẹ́ ẹ, ọkà tí wọn yóò jẹ, àti àká tí ọkà náà yóò ti jáde, òun ni máàkì rẹ̀ á pọ̀ jù. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní irú ìbéèrè yìí kò bá ti ìdánwò àṣejáde mu. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá lè dáhùn èyí lè kọ àmì ọ̀làjú márùn-ún náà láìka ìwé, ó sì lè sọ èyí tí kò sí ní Mohenjo-daro nínú wọn.